Omi ń jò nínú ògiri: ṣé kí a fọ́ ọ, kí a pe ẹlẹ́rọ, àbí kí a pa páìpù náà tì?

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá sílé, ẹ gun àkàbà lọ sídìí táńkì yín lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ rí i pé gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé wà ní títì, ẹ pa sùmó tó ń fa omi gòkè, kí ẹ wá ki igi gbọọrọ kan bọ inú táńkì títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ibi tí omi bá dé lára igi yẹn, ẹ fi ọ̀bẹ sàmì sí i. Kí ẹnikẹ́ni tó bomi wẹ̀ láàárọ̀, ẹ tún ki igi náà bọ̀ ọ́. Nínú táńkì róbótó tó fẹ̀ tó mítà 1 láti etí dé etí, sẹ̀ǹtímítà 1 tí omi bá fi lọ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó líta 8. Tiwa lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 9 lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìyẹn kù díẹ̀ kó tó kẹ́ẹ̀gì líta 25 mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò mu ún, ẹnikẹ́ni ò fi fọ abọ́.

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ifẹ̀ níbí, kànga tàbí bọ́ọ̀hóò ni wọ́n ń lò, kò sí bíìlì omi tí yóò wá ta wá lólobó. Iná ló kọ́kọ́ tú àṣírí tèmi. Yúníìtì tó máa ń bá wa lo oṣù kan bẹ̀rẹ̀ sí í tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì gbé ìjà náà ko àwọn ọmọ: ta ló gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí iná, ta ló ń wo tẹlifíṣọ̀n mọ́jú? Àṣé sùmó ni. Ó ń fa omi gòkè tọ̀sán tòru fún ilẹ̀ mu.

Ẹ yára yọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì kúrò nínú ẹjọ́ náà. Ẹ po búlúù tí a fi ń ṣan aṣọ funfun mọ́ omi díẹ̀, ẹ dà á sínú táńkì kékeré ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí búlúù bá yọ nínú àwo ìjókòó, rọ́bà inú táńkì yẹn ló ti gbó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ kà mí mọ́. Kí ẹ sì jẹ́ kí ọyẹ́ náà bá yín dá sí i: ògiri tó ń rin ní oṣù kẹfà tó sì gbẹ ní oṣù kejìlá, òrùlé tàbí omi ilẹ̀ ni kí ẹ bi. Èyí tó ṣì ń rin nígbà tí ètè gbogbo wa ń là, tí ọ̀dà ń bó lára rẹ̀, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń hù jáde, páìpù ni.

Tó bá ti di ọ̀rọ̀ páìpù, ọ̀nà mẹ́ta ni wọn yóò gbé síwájú yín. Ìkíní ni pulọ́ḿbà àdúgbò, òun àti òòlù pẹ̀lú irin ṣóńṣó: á wo ibi tí ògiri ti rin, á fọ́ ọ, á gé ibi tó bàjẹ́, á fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù PVC tuntun sí i. Ìkejì ni ẹlẹ́rọ tó ń fi pọ́ńpù ìdánwò àti ohun ìgbọ́hùn wá ojú ihò. Ìkẹta ni kí ẹ má wá ihò rárá: kí ẹ gé páìpù àtijọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ dé e pa ní orí àti ní ìdí, kí ẹ na PPR tuntun, páìpù pílásítíìkì tí wọ́n ń fi ooru yọ́ pọ̀, gba òkè àjà àti ojú ògiri. Mo ti sanwó ìkíní àti ìkẹta nínú ilé mi ní Parakin. Ìkejì, ẹ̀gbọ́n mi ló sanwó rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, mo sì jókòó tì í láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ti rọ́bà tíúbù tí wọ́n máa ń wé mọ́ páìpù, ẹ má bi mí.

Ẹjọ́ táìsì

Iye ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò gbà, owó iṣẹ́, ariwo, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Ìbéèrè tí mi ò béèrè lọ́jọ́ náà nìyí: táìsì mélòó ni wọn yóò fọ́ kí wọ́n tó kan ihò?

Bàbá tí mo pè ti ń ṣe pulọ́ḿbà kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri balùwẹ̀ wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dúró níbi tó rin jù.

“Ọ̀gá, ibí yìí ni.”

“Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá?”

“Ṣé omi máa ń parọ́ ni?”

Òòlù àkọ́kọ́ balẹ̀, táìsì aláwọ̀ ewé tí ìyàwó mi fi ọ̀sẹ̀ méjì yàn sán bí okùn aláǹtakùn. Bàbá gbẹ́ sìmẹ́ǹtì títí páìpù fi yọjú. Páìpù náà tutù, ṣùgbọ́n ó dá ṣáká, kò sí ojú ihò kankan lára rẹ̀. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń rìn lórí rẹ̀ láti apá òsì wá. Bàbá sún sí òsì, ó tún fọ́. Páìpù tutù, ó dá ṣáká. Ó tún sún. Nígbà tó di ihò kẹta, tí táìsì 11 ti wà nílẹ̀, tí mo ti gbé àga jókòó sẹ́nu ọ̀nà, la tó mọ̀ pé omi náà kì í ṣe ará balùwẹ̀ rárá. Ìsopọ̀ élíbò kan lẹ́yìn síńkì ilé ìdáná ló ń jò, ó tó mítà 4 sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ihò gbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ sára búlọ́ọ̀kù láti fi sin páìpù ti di gọ́tà, omi ń tọ̀ ọ́ bọ̀, ó wá ń sinmi sí balùwẹ̀ nítorí ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù. Omi ò parọ́ lóòótọ́. Ibi tó ti jáde ló kàn ń fi hàn, kì í fi ibi tó ti ń bọ̀ hàn.

Bàbá fi etí ẹ̀wù nu élíbò tuntun, ó kun gọ́ọ̀mù sí i, omi ṣì ń kán láti inú páìpù nígbà tó ń tì í bọ̀ ọ́. Gọ́ọ̀mù PVC kì í di páìpù tó tutù mú dáadáa, ó sì ń fẹ́ ìsinmi kí a tó ṣí omi. A ṣí omi kó tó pé wákàtí kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, igi inú táńkì tún sọ sẹ̀ǹtímítà 3 fún mi.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Mo di àfọ́kù táìsì kan sínú láílọ́ọ̀nù, mo gbé e rìn láti Lágéré dé Sábó, mo gbé e gba ọ̀nà Ìbàdàn. Àwọn ọlọ́jà ń yí i sọ́tùn-ún yí i sósì bí ẹni ń yẹ owó ayédèrú wò. Kò sí. Èyí tó jọ ọ́ jù, nígbà tí mo gbé e délé, ṣe ló dà bí àbúrò tí wọn kò jọ bí pọ̀. Ẹni tó ń lẹ táìsì ló wá fi hàn mí pé nọ́ńbà àwọ̀ wà lára páálí: orúkọ táìsì lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí nọ́ńbà yẹn yàtọ̀, kí àwọ̀ náà sì yàtọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi páálí kan pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Funfun la padà lẹ sáàárín aláwọ̀ ewé. Balùwẹ̀ wa wá dà bí ẹnu ọmọ ọdún méje tó ń pààrọ̀ eyín. Owó táìsì, owó bíríkìlà àti owó ẹni tó lẹ̀ ẹ́, ìlọ́po mẹ́ta owó tí bàbá gbà ni wọ́n.

Ẹlẹ́rọ àti etí rẹ̀

Ẹ ti rí i nínú fídíò: ọkùnrin kan fi nǹkan bo etí, ó gbé irin lé ilẹ̀, ó ní ibí ni, wọ́n gbẹ́ ẹ, omi sì tú jáde. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ṣẹlẹ̀, omi ìjọba ló ń fi agbára rìn nínú páìpù irin, ihò á máa sú fèé, irin á sì gbé ohùn náà lọ jìnnà. Tiwa ń ṣàn láti orí táńkì ni. Bar ni wọ́n fi ń wọn agbára omi. Gíga mítà 10 ló ń fún omi ní agbára bar 1, nítorí náà táńkì tó wà ní mítà 5 tàbí 6 kò ju ìdajì bar lọ púpọ̀. Páìpù wa sì jẹ́ pílásítíìkì, tó máa ń gbé ohùn mì. Ihò tiwa kì í sú fèé, ẹkún àdásun ló ń sun. Ẹni tó bá gbé ohun ìgbọ́hùn nìkan wá bá yín, ẹ fún un lómi mu, kó máa lọ.

Èyí tó wá sílé ẹ̀gbọ́n mi mọ ìyẹn. Ìbàdàn ló ti wá, ẹ̀gbọ́n mi ló sì san owó ọkọ̀ rẹ̀ lálọ lábọ̀. Ó yọ táńkì àti ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná kúrò lára ìlà, ó dí gbogbo ẹnu tó ṣí sílẹ̀, ó wá so pọ́ńpù ìdánwò mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ tẹ omi sínú rẹ̀ títí abẹ́rẹ́ aago rẹ̀ fi dé bar 4. A jókòó, a ń jẹ ẹ̀pà. Ìlà omi gbígbóná: abẹ́rẹ́ kò mì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìlà omi tútù: kí n tó bó ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan tán, ó ti jábọ́ sí bar 3. Ìgbà yẹn ló tó gbé ohun ìgbọ́hùn jáde, torí bar 4 ti fún ihò náà lóhùn. Táìsì méjì péré ni wọ́n fọ́. Mo jowú.

Ẹ bi í lórí fóònù kó tó wá: “Ṣé ẹ máa gbé pọ́ńpù ìdánwò dání?” Tó bá ní òun ò nílò rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn. Kí ẹ sì sọ ọjọ́ orí ilé fún un, nítorí ìsopọ̀ PVC tó ti gbó lè tú lábẹ́ bar 4, ihò kan á di méjì. Kámẹ́rà tó ń wo ooru tí àwọn kan ń polówó, ibi tó tutù ló ń fi hàn, àtẹ́lẹwọ́ bàbá ti ṣe ìyẹn fún mi.

Páìpù tó ń fara hàn

PPR kì í lo gọ́ọ̀mù. Irin gbígbóná tó tó 260°C ni wọ́n fi ń yọ́ ẹnu páìpù àti inú ìsopọ̀, wọ́n á tì wọ́n bọ ara wọn, wọ́n á di ẹyọ kan. Páìpù 20 mm, ìṣẹ́jú àáyá 5 ti tó o lórí irin. Pulọ́ḿbà tó bá ń bá yín sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lásìkò yẹn á yọ́ ọ kọjá ààlà, inú rẹ̀ á dí, omi á wá máa ṣẹ́ bí ìtọ̀ arúgbó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe tiwa bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́. Ó gbé 25 mm gba òkè àjà, ó fi 20 mm sọ̀ kalẹ̀ ní igun ògiri balùwẹ̀ àti ilé ìdáná, ó kan kílíìpù mọ́ ọn. Kò fọ́ táìsì kankan. Ó lu ihò mẹ́rin sí àjà, ó parí.

Àbùkù rẹ̀ wà. Kò lẹ́wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ibi tó bá ti jáde sí òòrùn, láti ìdí táńkì wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù fún un tàbí kí ẹ kùn ún, òòrùn máa ń sọ pílásítíìkì di gbẹrẹfu. Élíbò tó bá pọ̀ jù á dín agbára omi tí kò tó tẹ́lẹ̀ kù. Tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé láti dé páìpù àtijọ́ pa, omi á ṣì máa jò níbẹ̀, owó yín ló gbé.

Èyí tó kù ò gba ẹnu. Ariwo: ọ̀nà kìíní ló ní i. Ẹni tí ẹ lè rí lónìí: ìkíní àti ìkẹta wà ní gbogbo àdúgbò Ifẹ̀, ìkejì ẹ óò dúró dè é. Owó ọwọ́: ìkíní ló kéré jù lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní bá yín yàn, ilé oníkálukú lójú ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ayálégbé ni yín, ẹ pe lándílọ́ọ̀dù, ẹ fọwọ́ lérán. Ẹni tó ní páálí táìsì nípamọ́, tí ilé rẹ̀ ṣì tuntun, tí kò lè fara da kí páìpù máa wò ó lójú, kó dúró de ẹlẹ́rọ tó ní pọ́ńpù ìdánwò. Ẹni tó mọ ibi tí ihò wà gan-an, tó ń rí i lójú, bàbá olóòlù tó o, kó ṣáà jẹ́ kí páìpù gbẹ kí gọ́ọ̀mù tó kàn án. Àwa yòókù, tí PVC inú ògiri wa ti pẹ́, tí a bá dí élíbò kan lónìí tí òmíràn ń dúró dọ́la, mo kàn mọ̀ pé láti oṣù mẹ́jọ tí a ti na PPR yìí, àmì orí igi mi kò tíì yẹ̀. Oṣù tó kọjá, ìsopọ̀ kan lábẹ́ síńkì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. A rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá, ó gé e, ó yọ́ òmíràn sí i, a sì dáná ọ̀sán.

Ìyàwó mi ti ń fi kànrìnkàn rẹ̀ kọ́ sórí páìpù náà báyìí.