Ta Ni Ká Gbé Mítà Fún? Ìfiwéra Àwọn Tó Ń Ṣe Calibration

Ẹni tó bá ń ra ìrẹsì lọ́jà mọ̀ pé kóńgò méjì lè jọra lójú, kí wọ́n sì ti lu ìdí ọ̀kan wọnú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mítà tá a fi ń wọn fóltì iná rí. Nọ́ńbà tó ń tàn lójú ẹ̀ kò lè sọ fún yín bóyá ìdí ẹ̀ ti wọnú. Calibration ni pé kí wọ́n fi mítà náà wé òṣùwọ̀n tó péye jù ú lọ, kí wọ́n kọ ìyàtọ̀ tí wọ́n rí sílẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títún mítà tó ti yẹ̀ ṣe, tí wọ́n ń pè ní adjustment, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, owó ẹ̀ sì lè yàtọ̀. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.

HP 34401A ni màá fi ṣàlàyé, torí òun lọ̀pọ̀ àwa tá à ń ra tòkúnbọ̀ ń lé kiri. Mítà orí tábìlì ni, oní 6½ díjíìtì. Ìwé ẹ̀ sọ pé láàárín ọdún kan sí calibration, tẹ́ ẹ bá fi range 10 V wọn 10 V DC, àṣìṣe ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.4 mV lọ (mV kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fóltì). Fluke 87V, mítà ọwọ́ tó lórúkọ dáadáa, 0.05% ni tiẹ̀, ìyẹn 5 mV lórí 10 V kan náà, ká má tíì ka ti díjíìtì ìkẹyìn. Tó bá jẹ́ bátìrì LiFePO4 lẹ̀ ń tún ṣe, tẹ́ ẹ kàn fẹ́ rí i pé sẹ́ẹ̀lì kan kò kọjá 3.65 V, mítà ọwọ́ tó dáa ti tó yín. Ẹ fowó yín sápò.

Fún ẹni tí 0.4 mV ká lára, ibi àkọ́kọ́ tó máa ń wá síni lọ́kàn ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe mítà. HP ti di Agilent lórí irú ẹ̀rọ yìí, Agilent sì ti di Keysight. Wọ́n mọ inú ẹ̀rọ wọn. Àmọ́ láti Èkó, owó ọkọ̀ òfúrufú, kọ́sítọ́ọ̀mù àti ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi dúró lè mú kí iye gbogbo ẹ̀ sún mọ́ iye tẹ́ ẹ fi ra tòkúnbọ̀ yẹn. Mítà tuntun tó wọ́nwó ni màá fi ránṣẹ́ síbẹ̀.

Yàrá ìdánwò tó ní àṣẹ ISO/IEC 17025, ìlànà àgbáyé fún àwọn yàrá ìdánwò àti ti calibration, ni mo fara mọ́ jù. Àjọ NiNAS ló ń fúnni ní àṣẹ yìí ní Nàìjíríà, UKAS ni ní Gẹ̀ẹ́sì, A2LA sì wà lára àwọn tó ń fúnni ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àmì tó wà lórí ìwé wọn tàn yín. Àṣẹ náà ní ààlà, scope ni wọ́n ń pè é: yàrá kan lè gbàṣẹ lórí òṣùwọ̀n ìwúwo kó má ní àṣẹ kankan lórí fóltì. Ẹ wo uncertainty, ìyẹn ìwọ̀n iyèméjì tó wà nínú òṣùwọ̀n tiwọn, tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún 10 V DC. Àṣà àwọn oníṣẹ́ yìí ni pé òṣùwọ̀n àgbà gbọ́dọ̀ péye ju mítà lọ nígbà mẹ́rin, 0.4 mV sì pín sí mẹ́rin jẹ́ 0.1 mV. Tí tiwọn bá ju ìyẹn lọ dáadáa, mítà ọwọ́ ni kẹ́ ẹ máa gbé fún wọn.

Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé ẹ fẹ́ as-found àti as-left, ìyẹn ohun tí mítà ń kà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn àti ohun tó ń kà nígbà tó ń lọ. As-found gan-an lowó yín wà fún. Tó bá fi hàn pé mítà ti yẹ̀ kó tó dé, a jẹ́ pé ó yẹ kẹ́ ẹ padà yẹ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti fi í ṣe wò. Tẹ́ ẹ bá sì ní ti ọdún mẹ́ta lọ́wọ́, ẹ ó mọ apá ibi tó ń yẹ̀ sí àti bó ṣe ń yára tó.

Àwọn ẹlẹ́kẹta kò ní àṣẹ, wọ́n kàn máa kọ “traceable to NIST” sórí ìwé, ìyẹn ni pé òṣùwọ̀n wọn ṣeé tọpa dé ọ̀dọ̀ NIST, àjọ òṣùwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà. Owó wọn ló rọjú jù. Èmi náà ti gbé mítà lọ síbi kan bẹ́ẹ̀ rí. Sítíkà tuntun àti ìwé kan tí wọ́n kọ “PASS” sí ló bá a bọ̀, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo níbẹ̀. Tí wọn ò bá lè fi ìwé àpẹẹrẹ tó ní nọ́ńbà hàn yín ṣáájú, ẹ jáde. Bọ́ọ̀dù AD584 kékeré tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń mú fóltì tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà jáde, ńkọ́? Ẹ rà á, ẹ máa fi ṣọ́ mítà láàárín ọdún, ẹ má ṣáà pè é ní calibration.

Ohun kan tún wà tí ìwé tó dáa jù pàápàá kò ní gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀. Àárín 18°C sí 28°C ni 0.4 mV yẹn ti dúró, lẹ́yìn tí mítà bá ti wà lórí iná fún wákàtí kan. Ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí ooru ibẹ̀ dé 34°C, 0.36 mV lè gun orí ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó gbé 34401A fún ẹnikẹ́ni, ẹ wọ inú CAL MENU ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ iye calibration tó kà sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn máa ń lọ sókè ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ibì kan ṣe nínú ẹ̀, odindi adjustment sì máa ń gbé e sókè gan-an. Tẹ́ ẹ bá sanwó adjustment, tí mítà padà dé tí nọ́ńbà náà ṣì wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe.