Iṣẹ́ ilé ìwòsàn àwọn obìnrin kan ní ọ̀nà Ìgbógbó, Ìkòròdú

Ó ti di ọdún mẹ́fà tí inú ti ń run àbúrò mi obìnrin ní gbogbo ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé, tí yóò ká jọ sórí ẹní, tí yóò gbá ìgò omi gbígbóná mọ́ ikùn, tí àwọn ará ilé yóò sì máa sọ pé bó bá bímọ yóò lọ. Níbi tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n yọ kókó kan lára ilé ẹyin rẹ̀, wọ́n sì dà á nù láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí òmíràn tún yọ, a gbé e wá síbí.

Dókítà obìnrin tó gbà wá fara balẹ̀ ṣàlàyé pé endometriosis ni: ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló hù síbi tí kò yẹ, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ síbẹ̀ lóṣooṣù, ẹ̀jẹ̀ náà ló sì di omi dúdú kíki bíi sokoléètì nínú kókó. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, kò fi èyí tó kù pamọ́ fún wa: nínú 100 obìnrin tó ní in, àwọn tí jẹjẹrẹ ilé ẹyin yóò mú kò tó 2, bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn obìnrin lápapọ̀, ó lé díẹ̀ ní 1, oríṣi tí wọ́n ń pè ní clear cell àti endometrioid ló sì sábà máa ń ti ibẹ̀ wá. Ó yí ojú ẹ̀rọ skáànù sí wa, ó fi ìka tọ ògiri kókó náà yípo, ó ní ẹran tó bá yọ láti ara rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn nínú rẹ̀ ni òun ń wá. Mo bi í nípa CA-125, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá àmì jẹjẹrẹ ilé ẹyin. Ó ní endometriosis lásán náà lè mú un ga, kò lè dá jẹ́rìí.

Ó sọ ṣáájú iṣẹ́ abẹ pé bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, òun yóò kọ̀wé sí LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, nítorí pé wọn yóò ní láti yọ ilé ọmọ, ilé ẹyin àti ọ̀rá tó bo ìfun, kí wọ́n tó máa fa oògùn jẹjẹrẹ, carboplatin àti paclitaxel, sí i lára, àti pé clear cell tó bá ti tàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ oògùn wọ̀nyí. Mo mọyì dókítà tó mọ ibi tí agbára òun mọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì gbé kókó náà jáde nínú ike tí wọ́n rọ fọ́málìn, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, sí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá wa ka orúkọ yìí, ṣé ó pé?” Mo kà á, ó pé, kí wọ́n tó gbé e lọ síbi àyẹ̀wò.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni ti èsì. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n dá, ọjọ́ 19 ló gbà, ẹnì kankan kò sì pè wá. Àbúrò mi kò sùn dáadáa ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Nígbà tí èsì dé, kò sí jẹjẹrẹ nínú kókó náà. Wọ́n fún wa ní ẹ̀dà èsì náà, wọ́n sì dá ọjọ́ skáànù mìíràn sí oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, kó gba nọ́ńbà ibi àyẹ̀wò náà kó tó kúrò.