Príìsì àti fíìṣì fún ṣọ́ọ̀bù káfíńtà nílé: èyí tí mo ń lò ní Kétu

Bí ẹ bá ní ayùn oníná tàbí ìfági oníná nílé, tí ẹ sì ń wá príìsì tó lè bá a yí, ohun tí mo máa sọ kò lọ́jú pọ̀. Príìsì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ ni kí ẹ rà fún ẹ̀rọ tó dúró sójú kan. Fún àwọn tí ẹ ń gbé lọ́wọ́, ẹ ra Plexo, príìsì onídèérí tí ilé iṣẹ́ Legrand ń ṣe. Méjèèjì ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìnkùlé, ní Kétu níbí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì àti àga. Wọ́n ti rí ọyẹ́, wọ́n ti rí òjò. Príìsì yìí náà ni àwọn èèyàn wa ní Nàìjíríà ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fíìṣì ni orí wáyà tí à ń kì bọ̀ ọ́.

Ohun tó ń da àwa ará Kétu láàmú ni pé ọ̀nà méjì ni irinṣẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó gba Kútọnu wá, pàápàá àlòkù tó ti ilẹ̀ Faransé dé, ẹsẹ̀ roboto méjì ni fíìṣì rẹ̀ ní, pẹ̀lú ihò kan tí irin ilẹ̀ (èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀) tó yọ jáde nínú príìsì máa wọ̀. Èyí tó bá gba Ìlárá tàbí Ìmẹ̀kọ wọlé láti Nàìjíríà, ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun ni tirẹ̀, irú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti mọ́tò, kò sí wàhálà: 220 fóòtì, 50 Hz ni iná tiwa, ti Nàìjíríà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Fíìṣì ni kò wọlé. Àdápítọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré rà.

Fún ṣájà fóònù, kò burú. Fún ayùn, ẹ má dán an wò. Púpọ̀ nínú àdápítọ̀ ọjà kò ní ojú ilẹ̀ rárá, ẹsẹ̀ méjì péré ló ní, nítorí náà wáyà ilẹ̀ tó wà lára ẹ̀rọ yín kò já mọ́ ibì kankan. Fíìṣì Gẹ̀ẹ́sì tún wúwo, á máa fa àdápítọ̀ náà wálẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ á fi dẹ̀. Ẹni tó ta ìfági oníná fún mi fi àdápítọ̀ kan ṣe èènì. Ọjọ́ tí à ń fá pákó tíìkì gígùn, òórùn ike tó ń jó ló kọ́kọ́ kàn wá. Nígbà tí mo fà á yọ, ẹsẹ̀ kan ti dá òrùka dúdú sí ara rẹ̀, ike ìdí rẹ̀ ti rọ̀, ẹsẹ̀ náà sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ìfági.

Ibi tí irin kò bá ti fọwọ́ mọ́ irin dáadáa ni ooru ń kó jọ sí. Ẹ̀rọ 1,500 wáàtì ń fa nǹkan bí ámpíà 7 lórí iná 220. Ayùn orí tábìlì tó ní mọ́tò agbára ẹṣin 2 lè fà tó 10 nígbà tó bá ń la igi líle, bó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè fa ìlọ́po márùn-ún sí méje iye yẹn fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹnu tó dẹ̀ kò lè gba èyí mọ́ra.

Nítorí náà, gbogbo fíìṣì Gẹ̀ẹ́sì tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń gé e, mo sì ń fi ojúlówó fíìṣì ámpíà 16 rọ́pò rẹ̀. Ẹ kíyè sí nǹkan kan o: fíìṣì Gẹ̀ẹ́sì ní fíúùsì nínú, tiwa kò ní. Bí ẹ bá ti gé e, bíréékà tó wà lórí ìlà yẹn nìkan ló kù tí yóò dáàbò bo wáyà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó bá wáyà náà mu. Nínú fíìṣì, ẹ jẹ́ kí wáyà ilẹ̀ (aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò) gùn ju méjì tó kù lọ díẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fà á lójijì, òun ló máa já kẹ́yìn. Kí ìdè inú fíìṣì di awọ òde wáyà mú, kó má ṣe jẹ́ àwọn tín-ín-rín inú. Dírìlì tó bá ní àmì onígun mẹ́rin nínú onígun mẹ́rin kò nílò wáyà ilẹ̀. Fíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó nípọn tó fún un.

Bí mo bá ń lọ ra fíìṣì, mo máa ń mú òòfà kékeré dání. Idẹ ló yẹ kí ẹsẹ̀ fíìṣì jẹ́, òòfà kì í sì í mú idẹ. Ní Pọtonóvò, ọlọ́jà kan sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ojúlówó ni o, ilẹ̀ Faransé ló ti wá.” Mo sún òòfà mọ́ ọn, ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Irin tí wọ́n fi nǹkan dídán bò ni. Mo fi hàn án, òun náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lọ mú òmíràn wá láti inú. Ẹ tún ti fíìṣì bọ inú príìsì kí ẹ tó sanwó: ó gbọ́dọ̀ le díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fà á yọ.

Plexo ní ìdérí tó ń fúnra rẹ̀ padé. IP55 ni wọ́n kọ sí i: 5 àkọ́kọ́ wà fún eruku, èkejì fún omi. Nínú ṣọ́ọ̀bù, eruku ni ọ̀tá. Lẹ́búlẹ́bú igi ń wọ ibi gbogbo, ó sì máa ń gbiná. Mo ṣí Plexo mi láìpẹ́ yìí, inú rẹ̀ mọ́. Príìsì lásán tó wà ní ògiri kejì, lẹ́búlẹ́bú ti dí ihò rẹ̀. Àléébù Plexo ni pé nígbà tí fíìṣì bá wà nínú rẹ̀, ìdérí kì í lè padé tán, eruku á sì ráyè díẹ̀. Owó rẹ̀ náà ju ìlọ́po mẹ́ta ti príìsì lásán lọ.

Aláwọ̀ búlúù ni mo fẹ́ràn jù. Búlúù dúró fún iná bíi tiwa, pupa wà fún 400 fóòtì. Ẹsẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ nípọn ju àwọn tó kù lọ, nítorí náà ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà wọlé, ìdérí rẹ̀ sì ń fi ìkọ́ di fíìṣì mú kó má baà yọ nígbà tí pákó bá gbá wáyà. Ọmọ iṣẹ́ kò lè ki ṣájà bọ̀ ọ́, torí náà ayùn nìkan ló ń jẹun lórí ìlà yẹn. Kútọnu ni mo ti rí i rà.

Gbogbo èyí kò wúlò bí wáyà inú ògiri bá tín-ín-rín. Bàbà 2.5 mm² ni mo fà, pẹ̀lú bíréékà ámpíà 20, ẹ̀rọ ńlá kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀. Mo ní kí ẹni tó ṣe iná náà fi differential 30 mA (èyí tó ń mọ̀ bí iná bá ń jò) sí i, nítorí òun ló máa já iná kí ó tó pa èèyàn. Ẹ rí i dájú pé wáyà ilẹ̀ wà lẹ́yìn príìsì. Nínú ilé púpọ̀, irin ilẹ̀ kàn yọ síta lásán ni, kò so mọ́ nǹkan kan. Kí ọ̀pá ilẹ̀ wọlẹ̀ jìn, torí pé ilẹ̀ gbígbẹ ìgbà ọyẹ́ kì í fẹ́ gba iná.

Rálọ́ńjì (wáyà gígùn tí à fi ń fa iná dé ibi tó jìn) tí wọ́n ká mọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ tú u tán kí ẹ tó lò ó. A kọ ọ́ sára tèmi: 1,000 wáàtì bó bá wà ní kíká, 3,000 bó bá wà ní títú.

Ẹni tó ń fi àáké àti ọ̀bẹ gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò nílò ju gílóòbù tó mọ́lẹ̀ lọ. Bí dírìlì nìkan ni ẹ ní, príìsì lásán ámpíà 16 tó jẹ́ ojúlówó ti tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń la igi, tí owó kò sì tó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pá ilẹ̀ àti differential ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí fíìṣì tó dára tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù fún ayùn. Plexo lè dúró di ìgbà tí ẹ bá ta bẹ́ẹ̀dì tó kàn.