Ọkọ̀ Wo Ló Yẹ Ayàwòrán Tó Fẹ́ Lọ Wo Àbùùbùtán? Ìfiwéra Fún Ẹni Tó Fẹ́ Sanwó

Gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn lọ wo àbùùbùtán lójú òkun ló ń fi àwòrán kan náà polówó: ẹranko ńlá kan tó fò jáde kúrò nínú omi, tí omi ń ya lára rẹ̀ bí òjò. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í sọ fún ẹni tó fẹ́ sanwó irú ọkọ̀ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yà á, iye èèyàn tó dúró ti ẹni tó yà á, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe jìnnà sí omi tó. Bẹ́ẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ló ń pinnu àwòrán tí a óò gbé bọ̀ wálé. Nínú gbogbo ohun tí a lè fi wé ara wọn, méjì ni mo kà sí pàtàkì jù fún ẹni tó gbé kámẹ́rà dání: bí ibi tí a óò dúró sí ṣe ga tó sí ojú omi, àti iye èèyàn tí a óò jọ máa du etí ọkọ̀. Eré tí ọkọ̀ lè sá, bó ṣe tóbi tó, àti ìlérí pé wọn yóò mú wa sún mọ́ ẹranko náà, ẹ̀yìn méjèèjì yìí ni wọ́n ń tò sí.

Ọkọ̀ ńlá alájà púpọ̀

Ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ jù ní àwọn èbúté tí àlejò ń rọ́ wá ni èyí tó ní àjà méjì tàbí mẹ́ta, tó sì lè gbé èèyàn tó lé ní 100. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ catamaran, ìyẹn ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ pín sí méjì, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fì sọ́tùn-ún sósì lórí ìgbì. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ lórí omi, ẹni tó mú ọmọdé tàbí àgbàlagbà dání, àti ẹni tó fẹ́ ibi gbígbẹ láti gbé àpò kámẹ́rà rẹ̀ sí, kí wọ́n wọ ọkọ̀ yìí láìṣiyèméjì. Àjà òkè rẹ̀ tún ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í ronú kàn: láti òkè, ojú ń wọnú omi. Nígbà tí àwọn humpback, irú àbùùbùtán kan, bá ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ omi láti fi ká ẹja mọ́, òrùka omi tó ń hó náà máa ń hàn sí ẹni tó wà lókè kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ la ẹnu gòkè, ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ sì máa ń hàn kedere.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé gíga kan náà yẹn ló ń ba àwòrán ẹranko tó wà lójú omi jẹ́. Bí a bá ya ẹ̀yìn àbùùbùtán láti ibi tó ga ní mítà 5 tàbí 6, omi nìkan ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀ láti òkè àwòrán dé ìsàlẹ̀, ẹranko tó gùn tó mítà 14 yóò sì dà bí igi tó léfòó. Èkejì ni èrò. Nígbà tí ẹranko bá yọ lápá ọ̀tún, gbogbo ọkọ̀ ni yóò sáré lọ sápá ọ̀tún, ẹni tí kò bá sì tètè dé etí ọkọ̀ yóò máa ya orí àti fóònù àwọn ẹlòmíràn. Nítorí náà, kì í ṣe iye èrò tí òfin gbà kí ọkọ̀ gbé nìkan ni kí ẹ béèrè, ẹ béèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà gan-an. Àwọn ilé iṣẹ́ kan mọ̀ọ́mọ̀ máa ń ta ìdajì péré, ìyàtọ̀ tí ìyẹn ń mú wá sì pọ̀ ju ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ kan àti òmíràn lọ. Ẹ béèrè bákan náà bóyá wọ́n ń ṣí iwájú ọkọ̀ nísàlẹ̀ sílẹ̀ fún èrò, nítorí pé ibẹ̀ ló súnmọ́ omi jù lórí ọkọ̀ ńlá.

Ọkọ̀ rọ́bà

Òdìkejì rẹ̀ ni ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń pè ní RIB, tí ìdí rẹ̀ le, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Èrò 12 ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, òfin ọkọ̀ èrò máa ń le sí i bí iye náà bá ti kọjá 12. Ojú ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ kò fi púpọ̀ ga ju omi lọ. Láti ibẹ̀, ìrù tó gbéra sókè yóò ré kọjá ìlà ibi tí òkun ti pàdé ojú ọ̀run, òkè tàbí ìkùukùu yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá sì wo àwòrán náà yóò mọ bí ẹranko náà ṣe tóbi tó láìjẹ́ pé a sọ fún un. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń fún ni ní irú èyí.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni kò kéré. Orí ìjókòó bíi gàárì ẹṣin ni èrò ń wà, wọn kì í sì í jẹ́ kí a dìde nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Bí ó ti ń fò lórí ìgbì, ó ń já ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í fi í gba aláboyún tàbí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Kò sí ibi tí a ti lè pààrọ̀ lẹ́ńsì láìjẹ́ pé omi òkun wọnú kámẹ́rà, nítorí náà lẹ́ńsì kan ṣoṣo tó ń fà gùn tó ń fà kúrú, bíi 100-400mm (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́ńsì ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ tó), ni kí ẹ gbé lọ, kí ẹ sì fi sínú àpò tí omi kò lè wọ̀ títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Omi tó bá ta sí ojú lẹ́ńsì yóò gbẹ, yóò sì fi iyọ̀ funfun sílẹ̀. Bí ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, iyọ̀ náà yóò ha dígí. Aṣọ tí ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ rẹ díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, kí aṣọ gbígbẹ tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí òkun bá parọ́rọ́, ọkọ̀ yìí ni mo fẹ́. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le, ọwọ́ tó yẹ kó di kámẹ́rà mú ni a óò fi di ọkọ̀ mú.

Ọkọ̀ àárín

Láàárín méjèèjì ni ọkọ̀ tó ń gbé nǹkan bí èèyàn 20 sí 50 wà. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ọkọ̀ apẹja àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe, irú àwọn ọkọ̀ onígi óákù tó wà ní Húsavík ní Iceland. Àwọn ni mo máa ń dámọ̀ràn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Èrò ń dúró síbi tí kò ga púpọ̀ sí omi, a lè rìn yíká láti iwájú dé ẹ̀yìn nígbà tí ẹranko bá gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sí òdìkejì, ilé kékeré kan sì wà láàárín ọkọ̀ tí a lè pààrọ̀ lẹ́ńsì sí. Àléébù wọn ni pé wọn kì í yára: bí ibi tí ẹranko wà bá jìn, ọ̀pọ̀ wákàtí tí a sanwó fún yóò ṣòfò sójú ọ̀nà. Ní ti ọkọ̀ tí a háyà fún ara wa tàbí fún àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan, ohun tí owó gọbọi náà ń rà ni àṣẹ láti dúró ti ẹranko kan ṣoṣo títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi dára, ẹni tí kò bá ní sùúrù fún ìyẹn kò nílò rẹ̀.

Òfin ìjìnnà àti lẹ́ńsì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sanwó kì í wò dáadáa. Ní Australia, ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ àbùùbùtán ju mítà 100 lọ, ó sì di mítà 300 bí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní New Zealand, mítà 50 ni, àti mítà 200 fún èyí tó ní ọmọ. Ní Hawaii, yáàdì 100, ìyẹn mítà 91, ni òfin sọ fún humpback. Ní ìpínlẹ̀ Washington, láti oṣù January 2025, yáàdì 1,000 ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí àwọn orca ìhà gúúsù (ẹranko òkun aláwọ̀ dúdú àti funfun tí wọ́n tún ń pè ní killer whale) tí wọ́n kù díẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ tàbí lẹ́ńsì tó lè sọ irú ìjìnnà bẹ́ẹ̀ di àwòrán tó kún ojú.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Ní mítà 100, lẹ́ńsì 400mm lórí kámẹ́rà full-frame, ìyẹn èyí tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 36, ń gba ibú tó tó mítà 9. Ìrù humpback fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn ara rẹ̀, ìyẹn mítà 4 sí 5, nítorí náà yóò gba nǹkan bí ìdajì àwòrán, èyí tó dára púpọ̀. Ní mítà 50, ìrù kan náà yóò kún àwòrán dé etí, bí ẹranko náà bá sì fò sókè, a óò gé orí rẹ̀ tàbí ìrù rẹ̀ kúrò. Níbẹ̀, 200mm tàbí kéré sí i ló yẹ. Nítorí náà, kí ẹ tó ra tàbí yá lẹ́ńsì, ẹ kọ́kọ́ mọ òfin ibi tí ẹ ń lọ. San Ignacio ní Mexico yàtọ̀ pátápátá: àwọn gray whale, irú àbùùbùtán mìíràn, fúnra wọn máa ń wá bá ọkọ̀ kékeré níbẹ̀, lẹ́ńsì fífẹ̀ ló sì máa ń wúlò jù nígbà náà.

Nítorí èyí, ìlérí pé ọkọ̀ kan yóò sún mọ́ ju àwọn yòókù lọ kì í ṣe ohun tó yẹ kí a sanwó lé. Ẹranko tí wọ́n ń lé yóò rì, kò sì ní tètè yọ. Ọ̀gá atukọ̀ tó mọṣẹ́ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹranko náà, ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀, èyí sì ni ó ń jẹ́ ká rí abẹ́ ìrù nígbà tí ó bá ń rì. Àmì dúdú àti funfun abẹ́ ìrù humpback kan kì í jọ ti òmíràn, àwòrán tó bá fi í hàn kedere sì ṣeé fi ránṣẹ́ sí ìkànnì Happywhale lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń fi dá ẹranko kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ní etíkun Atlantic ti Amẹ́ríkà àti ní Alaska, ẹ wò ó bóyá ilé iṣẹ́ náà wà nínú ètò Whale SENSE, tó ń dá àwọn tó ń pa ìlànà mọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

Àkókò àti ohun tó yẹ ní bíbéèrè

Ìrìn wákàtí mẹ́ta lè jẹ́ wákàtí kan péré lọ́dọ̀ ẹranko. Ní Kaikōura ní New Zealand, ibi jíjìn inú òkun kò jìnnà sí etíkun, ọkọ̀ sì ń fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn lábẹ́ omi wá sperm whale, irú àbùùbùtán mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹranko yìí sábà máa ń lo bí ìṣẹ́jú 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nísàlẹ̀ kí ó tó wá mí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí náà ìgbà tí yóò gbé ìrù sókè nínú ìrìn kan kò lè pọ̀. Àárọ̀ kùtù ló dára jù níbi púpọ̀, torí pé afẹ́fẹ́ kò tíì le, oòrùn kò sì tíì ga. Ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ náà dára, pàápàá ní Húsavík nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìmọ́lẹ̀ ń pẹ́ títí di òru. Ní àríwá Norway lóṣù December, oòrùn kì í yọ rárá, ẹni tí lẹ́ńsì rẹ̀ kò bá lè gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ yóò ṣe wàhálà.

Ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń ṣàlàyé lórí ọkọ̀ máa ń fi aago pe ibi tí ẹranko wà, tí iwájú ọkọ̀ jẹ́ aago 12, nítorí pé "aago mẹ́ta" yára ju ìka nínà lọ fún ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú kámẹ́rà. Ẹ béèrè bóyá ọ̀gá atukọ̀ máa ń yí ọkọ̀ kí oòrùn lè wà lẹ́yìn èrò. Ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà dání, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe gbé lẹ́ńsì lé irin etí ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, nítorí pé gbígbọ̀n rẹ̀ yóò wọnú àwòrán. Orúnkún tí a rọ̀ díẹ̀ àti ìyára kámẹ́rà tó jẹ́ ìdá 1/1600 ìṣẹ́jú àáyá tàbí èyí tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń ṣiṣẹ́.

Ní ti ìlérí pé "bí ẹ kò bá rí i, ẹ óò tún lọ lọ́fẹ̀ẹ́", ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Fún àwọn mìíràn, bí ẹ bá rí dọ́fíìnì kan, tàbí ẹ̀yìn àbùùbùtán lẹ́ẹ̀kan láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ti rí nǹkan nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn sì ń fúnni, kì í ṣe owó, kò sì wúlò fún ẹni tó ń lọ sílé lọ́la. Nítorí náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá dé ni kí ẹ fi ìrìn náà sí, kí ọjọ́ mìíràn lè wà nílẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá le tàbí bí ẹranko kò bá yọjú.