Ìkìlọ̀: Ẹ fọwọ́ kan sáílẹ́ńsà kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ ìgégi

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹ̀rọ ìgégi rà ní Adó-Èkìtì lásìkò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lu èmi ní jìbìtì, ₦285,000 ló bá a lọ. N kò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbà. Àmọ́ ọgbọ́n tó fi mú mi, òun nìkan kọ́ ló ń dá a.

Igi ìdáná ni iṣẹ́ mi. Ìkọ̀lé ni mo ń gbé, mo ń gé igi fún oníbúrẹ́dì méjì àti àwọn ìyá tó ń yan gàrí. Ẹ̀rọ mi àtijọ́ kú lẹ́yìn Kérésì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn gan-an la máa ń rówó. Ojú ń kán mi. Mo rí àwòrán ọ̀kan lórí WhatsApp: Stihl 070, ó ń dán gbinrin, wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé "tòkunbọ̀ orijínà láti Jámánì". Mo pe ọkùnrin náà. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní, "Bàbá, tí ẹ bá ti dé Ìwòròkò, ẹ pè mí, kí n lè máa dúró dè yín." Mo sọ nínú ara mi pé, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ rèé.

Mo pè é ní Ìwòròkò lóòótọ́, nígbà tó kù díẹ̀ kí n wọ Adó. Nígbà tí mo fi máa dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀rọ ti wà lórí bẹ́ǹṣì níta. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré, ó dún. Mo fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo rò pé oòrùn ni. Ọ̀sán gangan ni, lóṣù kejì. Ó tún fi ṣéènì mẹ́ta lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tó ní kí n sanwó sí kì í ṣe tirẹ̀, ó ní ti ìyàwó òun ni, mo sì san án.

Ní ọjọ́ kẹrin, à ń gé ayìn kan tó ti wó lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá mọ ayìn mọ̀ pé ó le bí irin. Àwọn oníyán fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ẹ̀yinná rẹ̀ kì í tètè kú. Ṣàdédé ni bíléèdì, irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí lára rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Mo gbé e sókè, mo rí i pé etí irin náà ti di búlúù láti imú dé ìdajì. Ọ́ìlì kún inú táǹkì ọ́ìlì ṣéènì, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan ò dé ara ṣéènì. Kí n tó rọ́wọ́ pa á, ó ké gbàrà, ó dákẹ́. Mo fa okùn títí, okùn kò wá. Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì.

Mo gbé e padà lọ bá a. Ó béèrè pé báwo ni mo ṣe po epo. Mo ní 200ml ọ́ìlì two-stroke sínú pẹtiróòlù lítà 5, ìyẹn ọ̀kan sí 25. Ó fọwọ́ lérí: "Háà, bàbá! Ọ́ìlì ti pọ̀ jù, ọ̀kan sí 50 ni! Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́, ìtìjú mú mi délé.

Àfi ìgbà tí mo pàdé ọ̀rẹ́ mi kan láti Ìjerò, tó ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí kan náà. Tirẹ̀ náà ti nọ́ọ̀kì. Ọ̀kan sí 50 lòun po tirẹ̀. Kí ni wọ́n sọ fún un? Pé ọ́ìlì ti kéré jù! A gbé ẹ̀rọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a nu ìdọ̀tí kúrò lára nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara irin. Nọ́ńbà kan náà ni, láti orí dé ìdí. Ẹ̀rọ méjì tó jẹ́ orijínà kò lè ní nọ́ńbà kan náà láéláé.

Mẹkáníìkì wa ní Ìkọ̀lé tú sáílẹ́ńsà tèmi, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ara písítìnì ti ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìlà tuntun wà lórí ìlà àtijọ́. Orí bóòtù tó wà lábẹ́ ọ̀dà tuntun ti jẹ, ìyẹn ni pé wọ́n ti tú u rí. Ayédèrú ni, ẹnìkan sì ti lò ó kó tó dọ́wọ́ mi. Ó tún là mí lọ́yẹ̀ nípa ọ́ìlì: tó bá pọ̀ díẹ̀ jù, èéfín ni ẹ̀rọ máa rú, púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí, èyí tó kéré jù ló ń jẹ písítìnì. Ọ̀kan sí 50 wà fún ọ́ìlì tó dára gan-an, irú èyí tí Stihl fúnra wọn ń ṣe. Tó bá jẹ́ ọ́ìlì two-stroke lásán, ọ̀kan sí 25 ni àwọn fúnra wọn ní ká lò.

Ẹ má fi èyí bínú sí Stihl o. Láti 1926 ni ilé iṣẹ́ yẹn ti wà ní Jámánì, àwọn oníjìbìtì ló ń jẹ orúkọ wọn. Wọ́n tún ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ní Brazil àti ní Qingdao ní Ṣáínà, nítorí náà "Germany" tí ẹ rí lára sítíkà kò fi ẹ̀rí kankan hàn, "China" náà kò sì ní kó jẹ́ ayédèrú. Ara irin ni kí ẹ wò.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má pe ẹni tó ń tà á láti ojú ọ̀nà pé ẹ ń bọ̀. Ẹ kàn yọ sí i. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ rọra fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ sáílẹ́ńsà. Bó bá ti gbóná, ẹnìkan ti tan án sílẹ̀ dè yín, kí ẹ má bàa mọ bó ṣe ń ṣe tó bá tutù. Ẹ lọ jẹun, ẹ padà wá. Ẹ gbé epo tí ẹ pò fúnra yín dání. Ẹ tan án ní tútù, ẹ fi gé igi fún ìgbà díẹ̀, ẹ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún tan án. Èyí tí písítìnì rẹ̀ ti jẹ sábà máa ń ṣagídí nígbà kejì yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi imú bíléèdì kọjú sí páálí funfun, ẹ tẹ iná rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó má fara kan páálí. Ìlà ọ́ìlì gbọ́dọ̀ hàn lórí páálí. Bí èmi bá ti ṣe eléyìí nìkan ni, owó mi ì bá wà lápò mi. Ní ti písítìnì, ẹ ní kí wọ́n tú sáílẹ́ńsà kí ẹ wo inú; bóòtù rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń tà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí orí rìsíìtì: iye ọ́ìlì sí iye epo, àti nọ́ńbà ara irin. Ibẹ̀ ni gbogbo àwáwí rẹ̀ ti máa kú. Rìsíìtì yẹn náà lẹ máa fi dé ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, tó bá di ọ̀rọ̀. Èmi ò gba rìsíìtì kankan.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, ìmọ̀ràn tí ì bá ti gbà mí kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù rárá. Kí ni mo fẹ́ fi 070 ṣe? Ẹ̀rọ àwọn alápákó nìyẹn, ó lé ní 100cc, ó wúwo, èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ kò sì ní bíréèkì tó ń dá ṣéènì dúró bó bá ta padà sí yín. Ẹ̀rọ 50cc sí 60cc tí bíléèdì rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 18 tó ẹni tó ń gé igi ìdáná, kódà ayìn. Ẹ pọ́n ṣéènì rẹ̀ nígbà gbogbo tí ẹ bá rọ epo tuntun. Nígbà tó bá ń da ìyẹ̀fun dípò ẹ̀ẹ́rún igi, ó ti kú nìyẹn, bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́gi, ẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì ni. Fáìlì roboto tó bá ṣéènì yín mu ni kí ẹ fi pọ́n ọn. Ṣéènì ọ̀fẹ́ mẹ́ta tí wọ́n fún mi? Wọ́n fà bí rọ́bà, ọ̀kan ti já.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá lórí ọ̀kadà. Ẹ̀rọ kan wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Bàbá kan dúró tì í, ó ń ka owó lọ́wọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kí wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ibí yìí." Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n yára fà á padà, wọ́n sì kó owó wọn padà sápò.