Ẹ̀kọ́ Python tí mo sanwó fún, àti bí àwọn Ọlá ṣe bọ́ sẹ́yìn Yusuf

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mí n'Íbàdàn. Ọjọ́ tí a ń pín èrè ọdún ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ń pe orúkọ látinú ìwé tí sikíríìpù mi tò (àwọn àṣẹ tí mo fi Python, èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kọ), kálukú ń jáde wá gbowó. Mo pe O tán, mo bọ́ sí P. Bàbá kan tó ń jẹ́ Ọlá gbé ọ̀pá wọn sókè: “Akọ̀wé, kí ni àwa fi ṣẹ̀ yín?” Mo yẹ ìwé náà wò dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yìn Yusuf ni mo ti rí wọn: àwọn Ṣ ló ṣáájú, àwọn Ẹ tẹ̀ lé wọn, àwọn Ọ ló wá kẹ́yìn pátápátá. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ariwo tó sọ, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Mo pe ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó kọ́ mi. N kò ní dárúkọ wọn. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, “Ẹ má bínú, sà. Ẹ yọ àmì ìsàlẹ̀ yẹn kúrò, ẹ kọ ọ́ ní O lásán, á tò dáadáa.” Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ! Orúkọ tí bàbá ti ń fọwọ́ sí látìgbà èwe wọn, kí n wá gé e lẹ́sẹ̀ nítorí kọ̀ǹpútà? Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀gá, wọ́n ní ọ̀gá wà ní ìpàdé.

Kí n má parọ́, sikíríìpù náà ń ṣiṣẹ́. Fódà mi tẹ́lẹ̀, àkọsílẹ̀ ìpàdé tó jẹ́ .txt (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán) àti owó oṣooṣù tó jẹ́ .csv (fáìlì tábìlì) ló dà pọ̀ mọ́ra. Báyìí, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, oníkálukú gba fódà tirẹ̀ lọ. Wọ́n sì kọ́ wa dáadáa pé ká fi int() sọ owó di nọ́ńbà ká tó tò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ 10000 á jókòó ṣáájú 9000, torí 1 ló ṣáájú 9. Ṣùgbọ́n John, Mary àti Smith ló kún inú ìwé ẹ̀kọ́ wọn. N'Íbàdàn!

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ kíláàsì Sátidé níbẹ̀ pè mí fúnra rẹ̀. “Dádì, Python ò mọ ABD wa. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń wò. 122 ni z, ṣ jẹ́ 7779, ẹ jẹ́ 7865, ọ jẹ́ 7885.” Ìbínú mi rọlẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n tẹ lẹ́tà 25 tiwa bó ṣe tẹ̀ léra, kí n fi GB sáàárín G àti H, torí Goriọlá ló yẹ kó ṣáájú Gbénga. Ó wá fi hàn mí bí a ṣe ń fi key gbé ètò yẹn fún sorted(), àṣẹ Python tó ń to nǹkan. Àmì ohùn orí lẹ́tà kò sí nínú ètò náà, ṣùgbọ́n kò kúrò lórí orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo tẹ̀ ẹ́, àwọn Ọlá gòkè, wọ́n jókòó sáàárín O àti P. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi jáde wá wò mí. Ọmọ náà ò gba kọ́bọ̀.

Ìyọnu kan ṣì kù. Bọ́lá tí mo tẹ̀ lórí fóònù àti Bọ́lá tí mo tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kì í jókòó pọ̀, torí ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà odindi, èkejì jẹ́ o tí wọ́n fi àmì bọ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ náà ní unicodedata.normalize, àṣẹ Python tó ń sọ méjèèjì di irú kan náà, ló ń bá a yanjú. Kí ló dé tí èyí ò sí nínú ẹ̀kọ́ tí a sanwó rẹ̀? Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀gá wọn ò tíì pè mí padà.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti sanwó àbúrò mi síbẹ̀, kíláàsì Sátidé.