Irúgbìn tàtàṣé ni mo rà, ata tó ń ta lẹ́nu ló so

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí wọ́n tà fún mi kì í ṣe tàtàṣé gidi. Mo rẹ́ ẹ ní tútù sínú sàláàdì, torí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára àpò irúgbìn náà pé kò ta rárá. Ọmọ bù ú jẹ, ó dákẹ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ló bá figbe ta. Omi tí mo kọ́kọ́ fún un kò ṣe nǹkan kan. Mílíìkì agolo ni mo ń bù sí i lẹ́nu títí ó fi rọlẹ̀. Èmi náà tọ́ ọ wò: àfi bíi pé mo ki ṣọ̀mbọ̀ bọ ẹnu.

Mi ò ní purọ́ mọ́ irúgbìn náà, ó hù. Oṣù kìíní ni mo rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú, tí mo gbìn ín sínú kíréètì ẹyin, hóró kan sí ihò kan. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni èyí àkọ́kọ́ yọrí, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀. Nínú 50, 41 ló hù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ṣí 18 lọ sínú àpò ìrẹsì tí mo po iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sí. Ooru oṣù kẹta gbọn òdòdó àkọ́kọ́ dànù, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé, wọ́n so. Èso náà dán, ó rẹwà, mo máa ń lọ wò wọ́n láràárọ̀ kí n tó bọ́jú. Ìdí wọn ṣe ṣóńṣó ju ti àwòrán ara àpò lọ, àmọ́ mi ò fura.

Lọ́jọ́ kejì ìgbe ọmọ, mo tọ́ ti gbogbo wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Nínú 18, 11 ló ta. Mo kó èso mẹ́ta sínú ọ̀rá, mo mú àpò irúgbìn àti rìsíìtì, ó di ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, níbí n'Íbàdàn.

Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà kò gbé ojú kúrò lórí fóònù. “Mọ́mì, ṣé ẹ gbin ata míì sítòsí rẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣọ̀mbọ̀ wà lẹ́yìnkùlé. “Ẹ ò rí i? Ṣọ̀mbọ̀ yín ló ràn án.” Mo ní kó pe máníjà. Máníjà jáde, ó na ọwọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ọjà tí ẹ bá ti rà, a kì í gbà á padà. Mo ní kì í ṣe owó ni mo wá gbà, àlàyé ni. Òun náà tún ní ṣọ̀mbọ̀ mi ni.

Irọ́ gbuu! Ẹran ara èso, ti ìyá ni, ìyẹn igi tó so ó. Bí oyin bá gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ṣọ̀mbọ̀ wá sórí òdòdó tàtàṣé, hóró inú èso yẹn ló máa gbà á. Èso fúnra rẹ̀ kò ní torí ẹ̀ ta. Ìgbà tí ẹ bá gbin hóró náà ni ẹnu yín máa tó gbọ́, torí títa máa ń borí àìta nínú ẹ̀jẹ̀ ata. Oko tí wọ́n ti ká irúgbìn yẹn ni ṣọ̀mbọ̀ ti wọ̀ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé mi.

Ibi tí mo ti ń pariwo ni bàbá àgbàlagbà kan ti yọ láti ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. “Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa.” Òun nìkan ló kí mi lọ́jọ́ náà. Ó gba èso kan, ó nù ún mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gé e jẹ níṣojú gbogbo wa. Òógùn bò ó níwájú orí. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá yí àpò náà síwá sẹ́yìn, ó fi hàn mí: kò sí nọ́ńbà ìdánimọ̀ irúgbìn, kò sí ọjọ́ tí wọ́n dì í, kò sí orúkọ ẹni tó pèsè rẹ̀. “Àwa la dì í níbí. Wọ́n gbin ṣọ̀mbọ̀ mọ́ ọn lóko tó ti wá. Ẹ má bínú.” Máníjà ń wò ó bí ẹni fẹ́ gbé e mì. Bàbá kò wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ó mú àpò irúgbìn F1 kan (àkọ́bí ata oríṣi méjì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa pọ̀) tí wọ́n dì pa láti ilé iṣẹ́, ó ní kí n máa mú un lọ, kí n má san kọ́bọ̀. Ó kìlọ̀ pé kí n má tọ́jú hóró inú rẹ̀ gbìn, torí ọmọ rẹ̀ kì í jọ ìyá.

Oṣù keje ni mo gbin ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá pè mí láti béèrè àlàáfíà wọn. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìdí èso méjì dúdú bíi pé iná jó o, mo rò pé kòkòrò ni. Bàbá bi mí bóyá mo máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kí n tó da omi rẹpẹtẹ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe lóòótọ́. “Ẹ máa bu díẹ̀díẹ̀ sí ìdí rẹ̀ láràárọ̀, ẹ má dà á sórí ewé.” Kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹran wọn nípọn, wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n dùn! Ọmọ mi tó búra pé òun ò ní fẹnu kan tàtàṣé mọ́ ń gé e jẹ bí ápù.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún ṣọ́ọ̀bù náà. Àná ni mo tún lọ ra àpò F1 mìíràn níbẹ̀, mo sanwó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Àwọn àpò tí kò ní nọ́ńbà ṣì wà lórí káńtà, àwòrán kan náà lára wọn, “kò ta rárá” kan náà.